Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Mo Tú

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti tú odindi ọjọ́ kan rí. N kò sọ pé mo gbàgbé rẹ̀ o, n kò sì sọ pé mo sùn títí ó fi kọjá. Mo ní mo tú u, bí a ti ń tú aṣọ tí a hun ṣì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo di ìdí rẹ̀ mú láti ìrọ̀lẹ́, mo ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, oòrùn tó ti wọ̀ tán tún yọ orí níhà Ìgànná, ó ń gun òkè padà bí ẹni tó gbàgbé fìlà sílé. Àwọn tó ti kírun tán tí wọ́n ti délé rí ara wọn tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí mọ́sáláṣí, tí wọ́n ń da omi àlùwàlá padà sínú kẹ́tù. Gbogbo àdúgbò pọ àkàrà òwúrọ̀ jáde, ó padà sínú epo gbígbóná, ó di ẹ̀wà lílọ̀, wọ́n tún dín in, wọ́n sì tún un jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá béèrè ní Ìsẹ́yìn. Kó má ṣáà béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Ìyàwó mi ni ọ̀tá irọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbé e wálé, nígbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú, bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ tó tóbi ju ẹnu lọ, ibi yòówù kó wà, ìbáà jẹ́ ìdí ààrò, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ohùn rẹ̀ ni ẹ ó gbọ́: "Irọ́ ni!" Kì í bínú sọ ọ́. Kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe àmín sí àdúà.

Mo ní mo rí iṣu kan ní Ìgbòho tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀ tí adìyẹ àti ọmọ rẹ̀ ń sùn síbẹ̀.

"Irọ́ ni."

Mo ní màlúù Fúlàní kan pàdé mi lọ́nà Kìṣí, ó kí mi ní èdè Yorùbá, ó sì kúnlẹ̀.

"Irọ́ ni. Màlúù tó mọ Yorùbá kò ní kúnlẹ̀ fún irú yín."

Mo ní nígbà tí mo wà nílé ìwé, kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò, nítorí pé ìmọ̀ mi ti ń ba tíṣà lẹ́rù.

"Irọ́ ni. Pàṣán ló lé yín."

Àwọn èèyàn rò pé ó ń dójú tì mí ni. Wọn kò mọ̀ pé irọ́ tí kò rí ẹni pè é ní irọ́ kì í dùn. Bí mo bá purọ́ fún yín tí ẹ gbà á gbọ́, mo ti di ayédèrú ènìyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nítòsí tí yóò ké e lórí ní kíá, aláwàdà lásán ni mí, inú gbogbo wa á sì dùn. Ohùn obìnrin yẹn ni mo gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi lé. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí mo pàdánù.

Òfì ni mò ń hun. Ẹni tí kò bá mọ òfì, kó fara balẹ̀ gbọ́. Òwú gígùn tí a fẹ́ fi hun aṣọ kì í jókòó sójú kan. A ń nà án gbọọrọ lọ sí iwájú, kọjá òjìji àgọ́, bọ́ sínú oòrùn. A ó so ìdí rẹ̀ mọ́ pákó kan, a ó gbé òkúta lé pákó náà kó lè fa òwú le. Bí a ti ń hun, tí aṣọ ń ká sí wa láyà, òkúta náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa lórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ kò ní rí i pé ó ń rìn. Ẹ ó kàn gbójú sókè lẹ́yìn Àlàásárì, ẹ ó rí i pé ó ti sún mọ́ yín ju bó ti wà láàárọ̀ lọ. Bó bá dé ẹsẹ̀ yín, aṣọ ti tán.

Àwa ahunṣọ wá mọ ohun kan tí àwọn tó ń yan gàrí ní Ìgànná kò mọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti rin, wọ́n ti rin ín nìyẹn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí yóò tún di ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá ṣi aṣọ hun, mo lè tú u. Mo kàn ń gba ọ̀nà tí mo bá lọ padà ni. Ìlà tí mo hun kẹ́yìn ni mo ń kọ́kọ́ tú. Ọkọ̀, ìyẹn igi kékeré tó gbé òwú sínú, tí à ń jù láti ọwọ́ kan sí èkejì, bó bá ti ọ̀tún lọ sí òsì nígbà tí mò ń hun, láti òsì ni yóò ti máa bọ̀ sí ọ̀tún nígbà tí mo bá ń tú. Ní gbogbo ìgbà ni mo sì ń dìde lọ ti òkúta sẹ́yìn. Bí mo bá tú u dé ibi àṣìṣe, àṣìṣe náà kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti kékeré ṣe irú iṣẹ́ yìí dàgbà, ẹ má ṣe bá a wí bó bá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, inú ọyẹ́ ni, afẹ́fẹ́ gbẹ, ètè gbogbo wa ń la. Ìyàwó mi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ó ń ká òwú fún mi bó ti ń ká a láti ìgbà ìyàwó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí òfì rẹ̀ kángun sí tèmi, kò léyín mọ́, ẹ̀rín nìkan ló kù sẹ́nu rẹ̀. Mò ń bá a sọ ìtàn àwòdì kan tó gbé fìlà mi, tó sì dá a padà lẹ́yìn tó ti fọ̀ ọ́. Mo sọ ọ́ tán, mo dúró. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ọkàn ìyàwó mi kò sí níbẹ̀ ni. Mo tún un sọ, mo fi kún un pé àwòdì náà tilẹ̀ lọ̀ ọ́.

Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí gbirigbiri kúrò lábẹ́ àgọ́, ó ń tú lọ sínú oòrùn.

Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, òwú ẹ ń sá lọ o."

Ó wò mí. Ẹnu rẹ̀ ti lọ sí apá kan bí aṣọ tí wọ́n fà létí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ ọ́, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n itọ́ ló jáde.

Ọ̀kadà la fi gbé e. Ó wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn tí mo dì í mú, orí rẹ̀ ń gbá mi láyà ní gbogbo gegele ọ̀nà. Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́kùnrin kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibì kan nínú ọpọlọ ìyá.

Mo ní, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ti wá dé ibẹ̀ báyìí?"

Ó ní, "Ó ti dé, Bàbá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti kú kó tó dé."

"Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ sísọ, sà. Àti ọwọ́ ọ̀tún."

"Ṣé yóò padà?"

Ó ní kí a máa gbàdúrà. Bí dókítà bá ti ní kí ẹ máa gbàdúrà, ẹ má wo ẹnu rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò.

A gbé e padà wálé. Láàárọ̀, bí mo bá ń lọ sídìí òfì, mo ń gbé e dání, mo ń gbé e sórí àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó dá mi lójú, nítorí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń wá mi. Mo wá rò ó pé irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ náà ni kò tóbi tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa irọ́ fún un láti àárọ̀. Mo ní òjò kan rọ̀ ní Kìṣí láti ilẹ̀ lọ sókè. Mo ní wọ́n ti fi mí jọba ní ìlú kan lẹ́yìn Ṣakí, pé mo kọ̀ ọ́ nítorí pé adé ń yún mi lórí. Mo ní mo rí ejò tó wọ ṣòkòtò. Bí ìtàn kan bá ti parí, mo ń dá ọkọ̀ dúró, mo ń retí.

Lọ́jọ́ kan, mo pa ọ̀kan, mo sì dúró. Ó pẹ́ tí mo dúró. Ló bá di pé ọ̀rẹ́ mi aláìléyín tẹnu bọ̀ ọ́ láti ìdí òfì tirẹ̀: "Irọ́ ni!"

Ara mi gbóná. Mo ju ọkọ̀ sílẹ̀. "Ta ló rán ọ? Ta ló fi ọ́ síbẹ̀?"

Ó káwọ́ sókè. "Má bínú, ọ̀rẹ́. Mo rí i pé àyè ibẹ̀ ṣófo ni."

N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí a fi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó sọ yẹn wọ̀ mí lára. Kì í ṣe irọ́.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo wo aṣọ tó wà lórí òfì mi. Aṣọ tí mò ń hun lọ́jọ́ Jímọ̀ náà ni, n kò tíì parí rẹ̀. Ìlà kan wà lára rẹ̀ níbi tí mo ti fi í sílẹ̀ nígbà tí a gbé ìyàwó mi lọ. Eruku ọyẹ́ ti bà á, ó pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìlà yẹn, mo ti tún hun díẹ̀ sí i láti ìgbà tí a ti dé. Mo tẹjú mọ́ ìlà náà. Lóòótọ́, n kò sinwín, n kò sì mu nǹkan kan. Mo kàn ronú bí ahunṣọ ni. Àṣìṣe wà, mo sì mọ ibi tó wà. Kí ni à ń ṣe sí i?

Mo dìde, mo lọ ti òkúta sẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí títí. Ó ní, "Kí ló ṣe aṣọ yẹn? Àṣìṣe kò sí níbẹ̀."

"Àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Ní Jímọ̀."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni.

Ìdí iṣẹ́ yìí ni àbígbẹ̀yìn wa bá mi. Obìnrin ni, Ṣakí ló ń gbé, físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gíga níbẹ̀. N kò mọ ohun tí físíìsì jẹ́. Nígbà tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ mi ló ń kọ́ mànàmáná bí yóò ṣe kọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀ fún un, ó wá padà wò mí.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

"Kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Mò ń tú iṣẹ́."

"Kí ló dé?"

Mo sọ fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín tàbí kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé orí Bàbá ti dà rú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa àpótí tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé, ó jókòó.

Ó ní, "Ẹ ju ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí n yà á."

Mo jù ú. Ó fi fóònù yà á. Ó tẹ nǹkan kan, ó wá fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọ̀kan, ọkọ̀ ń ti ọ̀tún lọ sí òsì. Nínú èkejì, ó ń ti òsì bọ̀ sí ọ̀tún.

"Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo yà. Èkejì, mo ní kí fóònù fi ẹ̀yìn rìn ni. Ká ní ẹ kò sí níbí, ṣé ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Mo ní, "Rárá. Wọ́n jọra."

"Ó dáa, sà."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òwú ìyá rẹ̀, èyí tí ó ti ká sílẹ̀ kó tó ṣàìsàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan rébété bí ẹyin. N kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Kí n tó pariwo, ó ti da apẹ̀rẹ̀ náà dojú dé. Òwú yí lọ síbí, yí lọ sọ́hùn-ún, wọ́n ń tú, wọ́n ń lọ́ mọ́ra wọn nínú eruku.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ẹ!"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ wò ó." Ó ti yà á sínú fóònù, ó ní kó fi ẹ̀yìn rìn, ó sì fi hàn mí. Òwú dìde láti inú eruku, wọ́n ń já ara wọn sílẹ̀, wọ́n ń ká, wọ́n fò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ sì dìde dúró. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi tó ti sá wá wò ó náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní iwin ló wà nínú fóònù náà.

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ kò rẹ́rìn-ín sí ti ọkọ̀?"

"Nítorí pé ti ọkọ̀ lè ṣẹlẹ̀. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀."

"Òfin wo ló ní kó má ṣẹlẹ̀?"

"Èwo ni tèmi? Ṣé èmi ni tíṣà ni?"

"Kò sí òfin kankan, Bàbá. Àwọn ohun kéékèèké tí gbogbo nǹkan ti inú wọn wá, bí ti ọkọ̀ yẹn ni wọ́n rí. Wọn kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ iye ọ̀nà ni. Ọ̀nà mélòó ni òwú yìí lè gbà wà ní kíká?"

"Bí ìyá rẹ ṣe ń ká a."

"Ọ̀nà díẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà mélòó ló lè gbà lọ́ pọ̀?"

Mo wo òwú nílẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó tú òwú tó lọ́ rí kò ní dáhùn ìbéèrè yẹn kíá. Mo ní, "Kò lóǹkà."

"Ó parí. Bí ẹ bá mi apẹ̀rẹ̀, ẹ ń ṣa ọ̀kan nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí pẹ̀lú ojú dídì. Àwọn tó lọ́ pọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn tán, nítorí náà inú wọn ni ọwọ́ yín yóò máa bọ́ sí. Ibi tí nǹkan ń lọ́ sí ni à ń pè ní ọ̀la. Ibi tí wọ́n ti wà ní kíká ni à ń pè ní àná. Ohun tó fún àkókò ní iwájú àti ẹ̀yìn nìyẹn."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n èmi ń tú aṣọ, ó sì ń padà."

Ó na ọwọ́, ó nu iwájú orí mi, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó tutù fún òógùn hàn mí. "Ẹ jẹun lónìí?"

"Mo mu ẹ̀kọ."

"Ẹ̀kọ náà dà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ó ti di agbára tí ẹ fi ń ti òkúta. Ó ti di ooru lára yín, ooru náà sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó lè kó o jọ mọ́. Aṣọ ló padà díẹ̀. Ẹ̀yin àti afẹ́fẹ́ àti gbogbo ohun tó yí yín ká ti lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ń tú aṣọ, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbó."

Mo rántí nígbà náà pé ìyàwó mi kì í fẹ́ ká òwú tí mo bá tú lára aṣọ. Á fi í sáàárín ìka méjì, á ní ó ti hu irun, pé òwú tó bá ti wọ aṣọ rí kì í gbàgbé. Mo máa ń sọ fún un pé òwú kò ní orí tó fi ń rántí nǹkan. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà sí rárá.

Mo wá bi ọmọ mi ní ohun tó wà nínú mi. Mo ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ó ń ṣa òwú jọ nílẹ̀, ó ń gbìyànjú láti wá orí ọ̀kan. Ó ní, "Láti ìgbà tí Màmá ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń ká ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú orí wọn bí òwú. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun tó ń mú kó dúró bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ kò dé, Bàbá. Apẹ̀rẹ̀ náà dà." Bí tíṣà ló ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fi orí lé orúnkún mi, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ń wò wá láti orí àga.

Nígbà tó dákẹ́, mo ní, "Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni gbogbo nǹkan ń lọ́, a jẹ́ pé ó ti wà ní kíká rí. Ta ló kọ́kọ́ ká a?"

Ó ní, "Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí. Wọ́n mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé wà létòlétò gan-an. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó tíì mọ̀."

Mo mọ Ẹni tí àlùfáà wa yóò dárúkọ. Èmi náà ń forí balẹ̀ fún Un lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà ni pé, ẹni tó mọ nǹkan ká tó báyìí, kí ló dé tó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí etí ibi tí wọ́n ti lè fi ẹsẹ̀ gbá a dànù? N kò sọ ọ́ jáde. Mo tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, n kò sì mọ̀ bóyá tọkàntọkàn ni mo fi tọrọ rẹ̀.

Nígbà tó ń múra àtipadà sí Ṣakí, mo dì í lọ́wọ́ mú. "O ní kò sí òfin tó kọ̀ ọ́?"

"Kò sí, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ó mi apẹ̀rẹ̀ títí oòrùn yóò fi kú, kò ní ká."

"Oòrùn kò tíì kú."

Ó wò mí bí ìyá rẹ̀ ti máa ń wò mí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ. Ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ má ṣe sọ fún ẹni tó wà nínú omi pé kò sí òfin tó ní kí igi má léfòó wá bá a. Kò ní gbọ́ ìyókù. Láti ọjọ́ náà, mo fi aṣọ sílẹ̀ lórí òfì, n kò hun ún, n kò sì tú u. Mo kó gbogbo òwú tó lọ́ pọ̀ náà sínú apẹ̀rẹ̀, mo da aṣọ bò ó, mo gbé àga ìyàwó mi kọjú sí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Mo ń mì í lẹ́yìn Àyìlà, mo ń mì í lẹ́yìn Àlàásárì. Mo ń ṣí aṣọ wò ó. Mo ń dá aṣọ padà. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí oníbàárà bá dé tó bi í léèrè ohun tí mò ń ṣe, á ní mò ń ṣe egbòogi fún orúnkún mi. Òwú náà ń le sí i lójoojúmọ́ títí ó fi dà bí ìtẹ́ ẹ̀gà tí òjò wó lulẹ̀, tí ẹ kò lè mọ èyí tó jẹ́ pupa nínú rẹ̀ mọ́ sí èyí tó jẹ́ àyìnrín. Apá mi ń ro mí. N kò lè gbé àmù omi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọyẹ́ ti kásẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán, ilẹ̀ ń rùn. Mo mi apẹ̀rẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo ṣí i, mo wò ó. Mo gbójú sókè wo ìyàwó mi.

Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ó ti ká o! Gbogbo ẹ̀ ti ká! Pupa wà lọ́tọ̀, funfun wà lọ́tọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ ń béèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó lọ sára apẹ̀rẹ̀, ó tún padà. Ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sí apá kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti dá ẹsẹ̀ dúró lórí òfì tirẹ̀. Ohùn náà kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀, ó nípọn, ó rọra jáde bí ẹni tó ń fa garawa látinú kànga, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pé. "Irọ́," ló wí. Ó sinmi. "Irọ́ ni." Mo wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi ojú pa mọ́ sínú ìró rẹ̀, mo sì ń pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni, irọ́ gbáà ni.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀ yẹn. Mo ti ka ìtàn tí mo kọ yìí fún ọ̀rẹ́ mi, ó sì ní kí n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó mú mi kò lè mú mi mọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ ní ibi tí kò yẹ. Ti ọjọ́ Jímọ̀ tí mo ní mo tú, ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni kí ẹ tó kà á tán. Ọmọ mi wá, ó da apẹ̀rẹ̀ nù, ó sọ gbogbo ohun tí mo ní ó sọ. Mo mi òwú bí mo ti wí. Òjò rọ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó ti ká. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi dá ni pé ó fèsì.

Kò fèsì. Ó ń wo apẹ̀rẹ̀, ó sì ń wò mí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tó gbà mí gbọ́. Mo dúró títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì. Nígbà tó ṣe, mo gbé ìyàwó mi wọlé.